Ta Ló Gba Oògùn Lọ́wọ́ Bàbá Désiré?

"Fidèle, wo túùbù yìí dáadáa, kí o sọ fún mi: ènìyàn mélòó ló lò ó?"

Fidèle gbà á, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ikùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, kò sì fẹ́ràn ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn kíá.

"Ẹnì kan, ọ̀gá. Nọ́ńbà kẹrin ló wà lára rẹ̀. Ti Bàbá Désiré ni, èyí tó dá padà lọ́jọ́ Ajé."

"Mi ò bi ọ́ pé ti ta ni. Mo ní ènìyàn mélòó ló lò ó."

Marlène, ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, já túùbù náà gbà padà. Obìnrin yìí kò mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́. Láti aago méje àárọ̀ tí wọ́n ti dé ibùdó ìwòsàn egbò yìí, ní ẹsẹ̀ òkè Dásà, níbi tí ọ̀nà Lèma ti yà, ó ti rìn yí tábìlì dọ́kítà ká títí ojú fi ń ro Fidèle. Ọyẹ́ ń gbá fèrèsé mọ́ ògiri, gbogbo ìgbà tó bá sì gbá a ni Marlène ń wo aago.

"Wò ó níbí," ó ní. "Ẹnì kan rọra ká ìdí rẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Ẹlòmíràn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹlòmíràn fi eyín ṣí ìdérí, àpá rẹ̀ rèé. Erùpẹ̀ pupa wà lápá ibí, erùpẹ̀ dúdú etí odò wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ká. Ṣé Bàbá Désiré ní ọwọ́ mẹ́ta ni?"

Fidèle rẹ́rìn-ín. Marlène kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á gbé Rébecca, nọ́ọ̀sì ibùdó náà, lọ síwájú agbẹjọ́rò ìjọba. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ó jí oògùn aláìsàn, ó sì kó o fún ìyá tó bí i. Tí Rébecca bá ti wọ ọkọ̀ yẹn, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò ti máa dúró de ìdájọ́, gbogbo wa la sì mọ bí ìdájọ́ ṣe ń pẹ́. Ó ní ọmọ ọdún méjì nílé. Kó tó jáde, ọmọ náà lè má dá a mọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe níbùdó náà, lórí ìpara tuntun kan fún egbò ẹsẹ̀ tó ti lé lọ́dún tí kò jinná. Àwọn aláìsàn méjìlélógójì ló wà nínú rẹ̀. Ìdajì ń gba ìpara olóògùn, ìdajì ń gba ìpara lásán tó jọ ọ́ ní àwọ̀ àti òórùn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ lé wọn lórí. Nọ́ọ̀sì kò mọ ẹni tó gba èwo, dọ́kítà pàápàá kò mọ̀. Kútọnu ni ìwé àṣírí tí wọ́n kọ ẹni tó gba èwo sí wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, oníkálukú á mú túùbù tó ti lò wá, yóò sì gba tuntun tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí.

Bàbá Désiré, àgbẹ̀ Lèma, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ni nọ́ńbà kẹrin. Nígbà tó dé, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ti sún kì, ó kù bí èékánná àtàǹpàkò, gbogbo ibùdó ń bá a yọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó dúró. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, ó là padà, ó sì ń rùn. Ní báyìí, dọ́kítà ti sọ pé bí kò bá yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gígé ló kù.

Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ní kí Kútọnu ṣí ìwé àṣírí. Ìwé náà ní ìpara olóògùn ni ti Bàbá Désiré láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá fi òwú nu ojú egbò gbogbo aláìsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí oògùn lójú egbò àwọn ará Lèma márùn-ún tó yẹ kó jẹ́ ìpara lásán ni wọ́n ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá Rébecca. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Ọwọ́ Rébecca ló wà.

*

Dọ́kítà Eustache kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọdún mẹ́rin ló fi wá ìrànlọ́wọ́ fún ìwádìí yìí, ọkàn rẹ̀ sì ti bàjẹ́.

"Madame, kọ́kọ́rọ́ kan, ọwọ́ kan. Ìyá rẹ̀ wà nínú àwọn tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Kí lẹ tún ń wá?"

"Iye ni mò ń wá. Báwo ni oògùn tí ẹ rí lójú egbò ìyá rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?"

Dọ́kítà ṣí ìwé. "Díẹ̀ ni."

"Ti Diane ńkọ́?"

"Díẹ̀."

"Wilfried? Juvénal? Modeste?"

"Díẹ̀ náà ni."

"Bàbá Désiré fúnra rẹ̀?"

Dọ́kítà fi ìka tọ ìlà náà. "Díẹ̀. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba."

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ, dọ́kítà! Ọmọ jí oògùn fún ìyá rẹ̀. Ó wá pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, ó pín fún Diane, ó pín fún Wilfried, ó tún dá díẹ̀ padà fún ẹni tó jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Irú olè wo nìyẹn?"

"Olè tó fẹ́ da ojú ìwádìí rú."

"Ẹni tó bá ní ìyá tó ń jẹ̀rora kò ní àyè irú eré bẹ́ẹ̀," ni Marlène wí, ó sì ti dé ẹnu ọ̀nà.

*

Ní kọmísáríà, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, Rébecca jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́rùn. Ojú rẹ̀ ti wú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó dà bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lé jáde.

"Tantí Marlène, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò tíì sọ fún ìyá mi?"

"A ò tíì sọ. O bẹ̀ wá, a sì gbọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Mo ní kí wọ́n sọ ní Lèma pé mo lọ sí Kútọnu. Bó bá gbọ́ pé wọ́n tì mí mọ́lé, yóò ṣubú ni."

"Rébecca, wò mí lójú. Ṣé o gbé oògùn fún ìyá rẹ?"

"Rárá."

"Ṣé ó wù ọ́ láti gbé e?"

Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. "Lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́ ni, Tantí! Èmi ni mo ń tú báńdéèjì rẹ̀. Mo ń rí i pé kò yí padà, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ìpara lásán ni. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Marlène gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lè dá ọkọ̀ aago mẹ́rin dúró. Ó rìn dé ògiri, ó padà.

"Àwọn aláìsàn yìí, ṣé wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ń gba ìpara lásán?"

"Wọ́n mọ̀. Òfin ni pé kí n sọ fún wọn. Èdè wa ni mo fi sọ ọ́. Mo ní, ó lè jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe oògùn, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ ló wà."

"Kí làwọn ará Lèma wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan, Tantí. Wọ́n kàn wo ara wọn."

Fóònù Marlène dún. Fidèle ni, ó ń pariwo bí ẹni tó rí ìṣúra. "Ọ̀gá! Mo ti mú un! Ọjà Dásà, ní ìsọ̀ Kàmọ́rù! Túùbù mọ́kànlá ló tò sórí pẹpẹ!"

*

Kàmọ́rù, ẹni tó ń ta oògùn ẹ̀fọ́rí àti ọṣẹ lọ́jà, ti ń làágùn nínú ọyẹ́. Túùbù ibùdó ni túùbù ọ̀hún lóòótọ́. Ìdùnnú kún ojú Fidèle.

"Ẹ fi imú gbọ́ òórùn rẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!" ni Kàmọ́rù ń wí. "Òrí ni! Mo pò ó mọ́ lọ́fínńdà, àwọn obìnrin ń fi pa gìgísẹ̀ tó là. Inú kòtò ìdọ̀tí ẹ̀yìn ibùdó ni mo ti ń ṣa òfìfo rẹ̀. Ṣé wọ́n ka ṣíṣa ìdọ̀tí sí olè ni?"

Marlène tẹ díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Òrí ni. Inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju túùbù náà lu ọkùnrin náà.

"Ohun tó ti kan ojú egbò lo fọ̀ tí o ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ? Ojú ò tì ọ́! Fidèle, dúró tì í kó sun gbogbo rẹ̀. Kó má ku ẹyọ kan."

"Ọ̀gá, ẹ̀rí wa ńkọ́?"

"Ẹ̀rí pé gìgísẹ̀ là?"

Ó wo aago. Aago méjìlá ààbọ̀ ti lù. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ló kù.

Ibi tó ti ń jáde ni obìnrin kan ti pè é láti ìsọ̀ aṣọ tó kọjú sí ti Kàmọ́rù. Ràhímọ́tù ni, oníṣòwò tó ń gbé ní Lèma, tó sì ń tajà ní Dásà. Òun náà wà nínú ìwádìí. Ìpara lásán ni ìwé àṣírí ní ó ń gbà, wọn kò sì rí oògùn kankan lójú egbò tirẹ̀. Marlène ti sàmì sí orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀: ará Lèma kan ṣoṣo tí nǹkan rẹ̀ kò dàrú.

"Ẹ̀gbọ́n ọlọ́pàá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n mú Rébecca? Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọmọ yẹn! Èmi fúnra mi gbé àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà lọ bá a, mo ní kó bá mi wá èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ó lé mi jáde pẹ̀lú aṣọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ jí i, ṣé kò ní jí i fún èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀?"

"O mọ ẹni tó yẹ kí n bi léèrè ní Lèma?"

"Àwọn elégbò ẹlẹgbẹ́ mi? Áà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn nílé, àfi kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ wọn. Wilfried, ọjọ́ Ajé. Ìyá Rébecca, ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ bíi tòní, Diane ni. Mo máa ń gbé aṣọ lọ fi hàn án. Ẹ ó bá a lábẹ́ igi òrí etí oko rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí bí ìyàwó tuntun, àwọn yòókù ń bá a kọ ebè."

Marlène, tó ti ń lọ, dúró gbọin.

"Àwọn yòókù ń kọ ebè Diane, Diane jókòó?"

"Àáró ni wọ́n ń ṣe. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe é, ọdún gbọọrọ."

"Ìwọ ńkọ́, wọn ò pè ọ́ sí i?"

"Èmi tí mi ò ní oko? Kí ni wọn yóò bá mi kọ?"

Àgbẹ̀ ìlú Tré ni bàbá Marlène. Ó dàgbà sínú àáró. Bí ẹgbẹ́ bá wá ṣiṣẹ́ lóko rẹ, ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbé ọkọ́, ìwọ lo máa gbé e kalẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá jókòó lọ́jọ́ tirẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn máa làágùn fún un, wọn kò ní bá a ṣe é mọ́ láé. Tí ẹgbẹ́ bá wá gbà kí Diane gbé ẹsẹ̀ sókè, a jẹ́ pé ohun kan wà tó jẹ́ ti Diane lọ́jọ́ náà, tó ju ebè lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta. Ọjọ́ Àìkú, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́fà. Ènìyàn mẹ́fà.

"Yéè!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Fidèle! Fi ọ̀rọ̀ òrí sílẹ̀! Gbé alùpùpù!"

*

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí wọ́n dé oko Diane. Bí Ràhímọ́tù ti wí ni wọ́n bá a. Diane, obìnrin tó lé díẹ̀ lógójì ọdún, gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí lábẹ́ igi òrí. Bàbá Désiré jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bẹ iṣu tí wọ́n fẹ́ sè fún ẹgbẹ́. Báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, eṣinṣin ń yí i ká. Ìyá Rébecca àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta wà láàárín ebè, wọ́n ń tiro bí wọ́n ti ń kọ ọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Marlène wí. "Diane, jọ̀ọ́, túùbù tí mo rí lábẹ́ itan rẹ yẹn."

Diane wo Bàbá Désiré. Bàbá Désiré ń bẹ iṣu lọ. Obìnrin náà wá fa túùbù yọ. Nọ́ńbà kẹrin ló wà lára rẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ebè ti dúró. Marlène ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú wọn bó ti ń sọ̀rọ̀.

"Rébecca sọ fún yín pé àwọn kan ń gba oògùn, àwọn kan ń gba ìpara lásán. Ẹ wo ara yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń sàn. Ẹ sì ṣe é bí ẹ ti ń ṣe oko. Túùbù nọ́ńbà kẹrin ń lọ láti ilé dé ilé, ọjọ́ kan fún ẹnì kan. Ẹni tó bá kàn á gbé ẹsẹ̀ sókè kí oògùn lè ràn án, àwọn yòókù á sì kọ ebè rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, Bàbá Désiré á dá túùbù padà bí ẹni pé òun nìkan ló lò ó. Ṣé mo ṣì í sọ?"

Atẹ́gùn ń fẹ́ eruku sí wọn lójú.

"Wọ́n ti mú olè," ni Marlène tún wí. Ó ti ṣèlérí fún Rébecca, ó sì dùn ún láti ba ìlérí náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i gbangba pé ìlérí náà gan-an ló dí ẹnu àwọn tó lè gbà á là. "Ìyá Rébecca, ẹ jókòó ná. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Rébecca kò lọ sí Kútọnu. Kọmísáríà ló wà láti àná. Wọ́n ní ó jí oògùn Bàbá Désiré fún yín. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń gbé e lọ."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Rébecca mi? Ọmọ mi, tí kò mọ nǹkan kan? Yéè, mo gbé!" Wilfried àti Juvénal dì í mú kó tó ṣubú.

Bàbá Désiré gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Wọn ò béèrè, èmi ni mo gbé e kalẹ̀."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ mi ń jinná. Mo dé oko mi lọ́jọ́ kan, mo bá Diane lórí ebè mi, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Òun náà ń pa tirẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sàn. Mo wá mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ojúlówó bọ́ sí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ ebè pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí, ọmọ mi. Ṣé tí wọ́n bá kọ tèmi tán, màá wá gbé ọkọ́ mi lọ sílé?"

Ọ̀rọ̀ tó kàn láti sọ korò lẹ́nu Marlène. "Bàbá, oògùn yìí kì í ṣe ebè. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kò lè wo ẹnì kankan sàn. Ẹ wo ara yín. Nínú ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ta ló sàn?"

Wọ́n wo ara wọn, gẹ́gẹ́ bí Rébecca ti sọ.

"Ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ yẹn lọ ńkọ́?" ni Bàbá Désiré wí, ó ti ń wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

*

Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n gun ọ̀kadà sọ̀kalẹ̀ sí Dásà, eruku ń tẹ̀lé wọn. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, wọ́n ti sọ tẹnu wọn ní kọmísáríà, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé Rébecca sì dúró lófìfo. Ìyá àti ọmọ di mọ́ ara wọn láìsọ̀rọ̀. Gbogbo wọn wá lọ bá Dọ́kítà Eustache ní ibùdó.

Dọ́kítà gbọ́ ọ dé òpin. Ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rébecca níwájú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ará Lèma.

"Ẹ ti jáde nínú ìwádìí, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn. Bí ìwádìí bá parí tí wọ́n bá gba oògùn náà wọlé, kálukú yín á rí i gbà. Ó lè tó ọdún kan." Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú túùbù kan tí kò ní nọ́ńbà. "Mo ti bá Kútọnu sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ Bàbá Désiré, nítorí òun ló wà nínú ewu jù. Wọ́n gbà kí n fún un. Òun nìkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ ò bá fo ọjọ́ kan, Bàbá, ó ṣeé ṣe ká má gé e."

Bàbá Désiré gba túùbù náà. Ó wò ó pẹ́.

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Ọjọ́bọ̀ ni, Bàbá," ni Fidèle dáhùn.

Arúgbó náà na túùbù sí Diane. "Tìẹ ni."

Dọ́kítà la ẹnu láti kígbe. Marlène di apá rẹ̀ mú. Diane ti gba túùbù náà, ó ti fi eyín ṣí ìdérí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Désiré, ó gbé ẹsẹ̀ rírùn náà sórí itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì.

"Diane, kí lò ń ṣe? Mo ní tìẹ ni."

"Mo gbọ́. Ọjọ́ mi ni, ohun tó bá wù mí ni mo máa fi ṣe."

Rébecca sáré gbé omi àti òwú wá. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ Diane lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi etí ìró rẹ̀ lé eṣinṣin. "Ọ̀la, tèmi ni," ó ní.

"Ajé, tèmi," ni Wilfried wí láti ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Désiré fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Marlène wá fa àga kan, ó jókòó.